Iná Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Yàn fún Àna Mi

Mo ń kó ọjà wọlé lọ́wọ́ ní ọjà Kaneshie ní Accra nígbà tí fóònù mi dún. Nii ló ń pè, ọmọ Gà tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè. Oníbàárà mi ni, ọ̀sán ló sì máa ń wá ra iná. Kì í pè mí nírọ̀lẹ́. Kò tilẹ̀ kí mi. Èdè Twi ló fi bọ́ sínú ọ̀rọ̀.

"Auntie, àna yín ti ṣubú lórí òkè. A ti ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ó ní iná tí ẹ fún òun ló kú lójú ọ̀nà."

Páálí tọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sílẹ̀. Àwọn tọ́ọ̀ṣì yí gbirigbiri lọ sábẹ́ tábìlì obìnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò sì bẹ̀rẹ̀ kó wọn. Iná tèmi? Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn, tí mo tàn, tí mo pa, tí mo tún tàn kí n tó wé e fún ọkùnrin náà? Bàbá ọmọbìnrin tí ọmọ mi fẹ́ fẹ́! Yìgì àwọn ọmọ wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo kàn ń sọ pé, "Háà! Háà!" títí obìnrin oníbàtà fi wá bu omi fún mi.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kó jìnnìjìnnì bá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Sìkírátù lorúkọ mi, àmọ́ Ìyá Múfú ni gbogbo àdúgbò Nima mọ̀ mí sí. Iná ni mo ń tà: tọ́ọ̀ṣì, fìtílà oníbátìrì, iná orí, iná kẹ̀kẹ́. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ń rà lọ́wọ́ mi, àwọn obìnrin tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ kelewele lẹ́bàá títì ń rà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀, èyí tí àwa ará Accra ń pè ní dumsor, àní àwọn tó ń fi Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, bú wa ń tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n á nájà títí ẹnu á fi bó wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá iná padà fún mi rí pé ó kú mọ́ òun lójú.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn awakọ̀ lọ́rí tó ń kó iṣu láti àríwá wá sí ọjà Agbogbloshie ni òun ń ta fìtílà àti tọ́ọ̀ṣì fún. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀, mo mú tọ́ọ̀ṣì kan, mo tàn án sára ògiri, inú mi dùn. Mo ní, "Ìyá, èyí mà mọ́lẹ̀ o!" Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì tàn án sí mi lójú gbòà. Mo fi ọwọ́ bojú.

"Ṣé o ríran?"

"Rárá, mà."

"Ṣé kò mọ́lẹ̀ ni?"

"Ó mọ́lẹ̀, mà."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí n gbọ́ pé ò ń yin iná fún oníbàárà torí pé ó mọ́lẹ̀. Bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣòwò láti ìgbà náà. Ẹni tó fẹ́ fi ka Kùránì ní ìdájí, mo mọ iná tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi wá ewúrẹ́ tó sọnù, mo mọ tirẹ̀. Àfi ọjọ́ tí Nii kọ́kọ́ yà sí ìsọ̀ mi ni oníbàárà sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ó ní òun fẹ́ iná tí òun yóò fi gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú igbó lórí òkè Aburi lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.

Mo rò pé wàhálà ló bá a. Mo ní, "Ṣé kò sí ọkọ̀ trotro ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ní mọ́tò. Mọ́tò yẹn gan-an ni òun máa fi gbé kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè.

Ẹnu mi ò padé mọ́. Ẹni tó ní mọ́tò, tó fi mọ́tò gbé kẹ̀kẹ́, kó lè fi kẹ̀kẹ́ wọ igbó nínú òkùnkùn! Mo bi í bóyá àwọn òbí rẹ̀ ṣì wà láyé. Ó ní wọ́n wà. Mo ní ṣé wọ́n mọ̀? Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe òun nìkan, àwọn pọ̀. Àwọn dókítà wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì wà níbẹ̀. Mo wò ó títí, mo sì sọ fún ara mi pé bí ìwé bá pọ̀ jù lágbárí, ibi tó máa ń gbé èèyàn dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n fẹ́ fi rí, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì fi mọ̀ ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tó ń lọ tààrà bí ọfà. Ó ń rí ọ̀nà jíjìn, kò sì bìkítà fún ohun tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ. Òmíràn ń tú ká sílẹ̀. Èyí tó ń tú ká ni wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí wọ́n lè rí òkúta àti gbòǹgbò igi. Èyí tó ń lọ tààrà ni wọ́n ń gbé sórí àṣíborí, torí pé ibi tí ojú bá yí sí ni orí ń yí sí. Bí ọ̀nà bá fẹ́ ṣẹ́ kọ́nà, ojú èèyàn á ti débẹ̀ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó yí. Ẹni tó bá ní iná ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nìkan ń tanná fún igbó ni, kì í ṣe fún ọ̀nà.

Mo tún kọ́ wọn ní tèmi. Mo ní kí wọ́n má ṣe gba nọ́ńbà gbàǹgbà tó wà lára páálí gbọ́. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú á kọ ọ́ bí ẹni pé oòrùn ni wọ́n dì síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé iná náà lọ́wọ́ wò. Iná tó ń pariwo agbára tó sì fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, irọ́ ló ń pa. Irin ló yẹ kí ara rẹ̀ jẹ́ kí ooru lè rí ibi gbà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ìdí òkè. Bátìrì tí wọ́n tú lára kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n fi rọ́bà tuntun wé, mi ò jẹ́ kó wọ ìsọ̀ mi. Nii a máa sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé, "Ẹ lọ bá Auntie, kò ní jẹ́ kí ẹ ra èyí tí ẹ fẹ́, èyí tó yẹ yín ló máa tà fún yín." Inú mi a máa dùn, mo kàn máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Ọmọ mi Múfútáù ni mo máa ń rán lọ gbé iná fún wọn. Kò pẹ́ tí òun náà fi ra kẹ̀kẹ́, tó di ọ̀kan nínú wọn. Mo pariwo, mo bínú, kò gbọ́. Accra ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bó bá fẹ́ sọ ọ́, Twi àti òyìnbó á ti dì mọ́ ọn. Níbi iṣẹ́ ló ti pàdé Kúdírá, ọmọ Alhaji Sàlámì, ẹnjinníà kan tí iṣẹ́ gbé wá láti Ìbàdàn. Ọjọ́ tí mo mú un lọ kí wọn, mo ti kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀ láti ilé. A dé ibẹ̀, Alhaji dìde láti kí wa, ni ọmọ mi bá na ọwọ́ sí i! Kò tán síbẹ̀ o. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì ta ìka rẹ̀ pá mọ́ ìka Alhaji bí àwọn ọmọ Accra ṣe ń kí ọ̀rẹ́ wọn. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Alhaji wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jí òrùka níbẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Gánà mà ni ẹ́ lóòótọ́." Ó wá jókòó, ó sì là á yé e. "Gbọ́ mi, ọmọ. Nílé wa, ọmọdé kì í na ọwọ́ sí àgbà. Ọmọdé kì í sì í ṣíwájú àgbà. Ibikíbi tí èmi àti ìwọ bá jọ wà, ẹ̀yìn mi ni kí o máa wà. Ṣé ó yé ẹ?"

"Yes, sà. Ó yé mi paa," ni Múfú wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ nígbà náà, ó pẹ́ kó tó dìde.

Ọ̀rọ̀ náà sì dùn lẹ́yìn ìyẹn. Dókítà ní kí Alhaji máa ṣe eré ìdárayá torí ẹ̀jẹ̀ ríru, Múfú bá a tún kẹ̀kẹ́ kan ṣe, ni ọkùnrin tó tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù bá gbé e gùn, ló bá fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ó wọ ẹgbẹ́ Nii. Nígbà tó ní òun náà fẹ́ bá wọn gùn ún lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, èmi ni mo ní kó má ná kọ́bọ̀. Mo yan iná méjì fún un lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí àna sí àna: ọ̀kan fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀kan fún orí. Ó gba ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó yìn ín. Ó dá ti orí padà. Ó ní, "Ìyá Múfú, ẹ ṣeun, àmọ́ èmi kì í ṣe ọdẹ." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Mo fi í sílẹ̀, kí n má baà di àna tó ń pàṣẹ.

Iná tó gbà yẹn ni Nii ń sọ lórí fóònù pé ó kú.

Nígbà tí mo dé ọsibítù, egungun èjìká Alhaji ti ṣẹ́, ojú rẹ̀ bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Múfú dúró sẹ́bàá ògiri, ẹrẹ̀ kún aṣọ rẹ̀, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo kí Ìyá Kúdírá. Mo tún kí i. Ó yíjú sí ògiri. Alhaji ló dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Ìyá Múfú, mi ò ní pa irọ́ mọ́ yín. Mò ń rí ọ̀nà kedere. Lójijì, gbogbo rẹ̀ di òkùnkùn biribiri. Iná yín kú."

Kí n tó lanu, Ìyá Kúdírá ti yí padà. "Irú ẹ̀bùn wo lẹ fún wa? Iná tí àna fúnni, ṣé ó yẹ kó kú lójú kòtò? Àwa ò ṣe yín ní nǹkan kan o!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ń sọ láìsọ ọ́. Èmi, kí n fi iná ṣe ibi fún bàbá ìyàwó ọmọ mi! Mo fẹ́ bú u, mo fẹ́ sunkún, n kò ṣe ìkankan. Nígbà tó yá, Kúdírá gbé iná náà wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wé e sínú rọ́bà dúdú bí ohun ìdọ̀tí. Ojú ọmọ náà ti wú fún ẹkún. Ó ní ìyá òun ní kí a dá ọ̀rọ̀ yìgì dúró, kí òun kọ́kọ́ mọ irú ilé tí òun fẹ́ fi ọmọ òun sí.

Mo tú rọ́bà. Mo tẹ iná náà. Ó tàn.

Ìpele ìsàlẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti máa ń kéré, ló wà, mo tẹ̀ ẹ́ sókè, ó tàn mọ́ mi lójú gbòò. Ẹnu yà mí. Mo gbọ̀n ọ́n, ó ń tàn. Mo rì í sínú báàkẹ́tì omi, ó ń tàn nísàlẹ̀ bí ẹja. Mo ní bóyá bí ọ̀nà bá ń fò sókè fò sílẹ̀ ló máa ń kú. Mo bẹ ọmọ Hausa kan tó ń fi aboboyaa kó ìdọ̀tí ní Nima, mo so iná náà mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo sì ní kó gba gbogbo kòtò tó bá mọ̀. Ó rò pé orí mi ti dàrú. Ó gba ibi tí ewúrẹ́ ò lè gbà, agolo ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. Ó padà dé, iná tèmi kò ṣẹ́jú.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù bà mí jù. Ká ní ó kú ni, mo ti rí ibi tí mo fẹ́ kúnlẹ̀ sí. Alhaji kì í ṣe òpùrọ́. Iná mi náà kì í ṣe òpùrọ́. Kí ni ọkùnrin náà wá rí? Mo bi Múfú, ó kàn mi orí. "Mama, mennim, mi ò mọ̀. Mo kàn rí i that he was going, then he was down." Mo ní ṣé iná náà kú lójú rẹ̀? Ó ní òun ò mọ̀, tòun ń mọ́lẹ̀. Iná òyìnbó tí Nii ti lò kó tó tà á fún un lágbára ju gbogbo èyí tó wà nínú ìsọ̀ mi lọ.

Mo pe Nii. Mo ní kó gbé mi lọ sórí òkè.

"Ẹ̀yin, Auntie?"

"Èmi. Ibi tó ṣubú sí gan-an, ní irú àkókò tó ṣubú."

Ẹ wá wo Sìkírátù lórí òkè Aburi, pẹ̀lú ìbòrí àti sálúbàtà! Mo ti ń ta iná fún àwọn èèyàn yìí tipẹ́, mi ò fi ojú kan ọ̀nà wọn rí. Mo rò pé ọ̀nà ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe ọ̀nà. Ibi tí òjò gbà ni. Kò fẹ̀ ju ẹní lọ, òkúta yọrí níbí, gbòǹgbò nà gbalaja lọ́hùn-ún, igbó sì fún un pinpin lọ́tùn-ún lósì. Mo yíjú sí Nii. "Ibí? Ibí lẹ ń gbà lókùnkùn?" Ó ní, "Auntie, èyí tó rọrùn nìyí." Mo ṣe Àúsùbílàhì.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ Alhaji fún mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń tì í. Iná tèmi wà lórí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sókè. Mo rí òkúta, mo rí gbòǹgbò, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní kí Múfú, tó bá wa wá, wà níbi tó wà lọ́jọ́ náà, kó sì tan tirẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn mi. Yà! Gbogbo igbó di ọ̀sán. Mo wo iná ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mi ò mọ̀ bóyá ó ń tàn bóyá kò tàn. Mo rántí pé ìpele ìsàlẹ̀ ni mo bá a nígbà tí wọ́n dá a padà, ni èmi náà bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ta ni yóò máa jó bátìrì dànù nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tó báyẹn?

A ń lọ. Ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fẹ́ ṣẹ́ kọ́nà níbi tí àgbàrá ti wa ilẹ̀. Múfú sún mọ́ mi kó lè tanná fún mi dáadáa. Lójijì, obìnrin dúdú gàgàrà kan dìde nílẹ̀ níwájú mi, ó gùn, ó fẹ̀, ó bo ọ̀nà láti igbó dé igbó.

"Yéè! Múfú, ta nìyẹn?"

Mo ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè. Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè. Èmi ni. Òjìji ara mi ni iná ọmọ mi sọ sílẹ̀ níwájú mi, ó sì bo kòtò náà mọ́ mi lójú tán. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti wà nínú rẹ̀ dé orúnkún kí n tó mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀.

Wọ́n fà mí jáde. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sálúbàtà kan ti lọ. Mi ò nímọ̀lára ẹsẹ̀ tó ń ta mí. Mo tẹ iná ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò kú. Kò kú rí. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ló pọ̀ jù, ó tan Alhaji jẹ, Alhaji rẹ tirẹ̀ sílẹ̀, ara rẹ̀ tó tóbi wá di ògiri láàárín iná Múfú àti ọ̀nà.

"Múfú, ẹ̀yìn rẹ̀ tímọ́tímọ́ báyìí lo wà?"

"Yes, Mama. Mo ń tan iná fún un."

"Kí ló dé tí o kò ṣíwájú? Ìwọ tí iná rẹ lágbára!"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í ìdí tí kò fi gbá Alhaji létí. "Ó ní ẹ̀yìn òun ni kí n wà. Everywhere. Ẹ wà níbẹ̀ now."

Nii ló sọ ìyókù. Ó ní àìmọye ìgbà ni òun ti sọ fún un pé ẹni tí iná rẹ̀ bá lágbára jù níláti ṣíwájú, tàbí kó jìnnà sẹ́yìn kó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà ni Múfú ń dá a lóhùn pé àna òun ni. "Auntie, mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí," ni Nii wí. "Mo rò pé bí àwọn Alata ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wá ra iná kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, kí n tó bi í nípa òkè tàbí bátìrì, mo ń bi í pé ta ni wọ́n jọ ń lọ, ta ni yóò wà níwájú. Bó bá jẹ́ Yorùbá, mo tún ń bi í bí onítọ̀hún ṣe jẹ́ sí i. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo mú Múfú, a lọ sílé Alhaji nírọ̀lẹ́. Ìyá Kúdírá ṣílẹ̀kùn, kò ní ká wọlé, kò ní ká má wọlé. Alhaji wà lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́rùn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní mi ò wá ṣàròyé, mo wá fi nǹkan hàn wọ́n ni, kí wọ́n jẹ́ kí n pa iná ilé. Ó pẹ́ kí Alhaji tó gbà. Mo gbé iná tí wọ́n dá padà lé e lọ́wọ́ tó dáa, ní ìpele ìsàlẹ̀. Mo ní kó rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn lọ. Múfú tan tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti fojú sọ fún Kúdírá kó ju ìrọ̀rí kan sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Alhaji rìn. Òjìji rẹ̀ dìde níwájú rẹ̀, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dé àjà. Ó tẹ ìrọ̀rí mọ́lẹ̀, ó fò sẹ́yìn.

"Kí nìyí?"

"Ìrọ̀rí ni, Alhaji. Ẹ̀yìn yín ni ìmọ́lẹ̀ wà."

Ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri, ó gbé ọwọ́ sókè, òjìji náà gbé ọwọ́ sókè. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ẹnjinníà ni, kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi ti ń dùn. Mo ní ẹjọ́ ti parí. Àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó yí padà sí Múfú.

"Ìwọ wà lẹ́yìn mi. Ṣé o rí i pé ibẹ̀ ṣókùnkùn sí mi?"

Múfú dá a lóhùn. "Mo rí i, sà."

"Ọjọ́ yẹn nìkan?"

"Every kọ́nà, sà."

"Kí ló dé tí o kò kọjá?"

"Ẹ ní kí n má kọjá."

Háà! Mo rò pé ọmọ náà kò mọ̀ ni. Ó mọ̀! Alhaji sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìyẹn ló burú ju ariwo.

"Ṣé kí n kú ni, kí o lè jẹ́ ọmọ tó gbọ́ràn? Wọn ò kọ́ ẹ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran? Irú ìwọ yìí ni n ó fa ọmọ mi lé lọ́wọ́, tó máa dúró ti òfin títí ilé á fi jó?" Ó ju iná ọwọ́ rẹ̀ sórí àga. "Ẹ máa lọ."

Kúdírá bú sẹ́kún. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, òun náà ló sì fi òfin yẹn lélẹ̀. Alhaji kẹ̀yìn sí wa, ó kọrí sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúdú yẹn láìní iná, ó ń lọ sí yàrá rẹ̀. Ìrọ̀rí ṣì wà nílẹ̀. Àtẹ̀gùn sì wà lọ́hùn-ún tó sọ̀kalẹ̀ sí yàrá.

Múfú gbéra. Kò tẹríba, kò tọrọ ọ̀nà. Ó fi èjìká gba ẹ̀gbẹ́ Alhaji kọjá, wọ́n fara kan ara. Ìyá Kúdírá pariwo, "Ahh!" Èmi fi ìbòrí bojú, mo ní ó parí. Nígbà tí mo ṣíjú, ọmọ mi ti wà níwájú. Ó ta ìrọ̀rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ dé ìpele tó kéré jù, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀ sẹ́bàá gìgísẹ̀ ara rẹ̀ kí ó lè mọ́lẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀.

"Ẹ máa bọ̀, sà," ó wí. "Àtẹ̀gùn wà níbí. Méjì ni."

Alhaji dúró. Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ tó dáa, ó fi lé èjìká ọmọ mi.

"Rọra," ó wí. "Mò ń bọ̀."

Wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ níwájú, àgbà lẹ́yìn, wọ́n sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa obìnrin dúró sínú òkùnkùn, kò sí ẹni tó rántí tan iná ilé. Ìyá Kúdírá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Múfú, ẹ jẹ́ kí èjìká rẹ̀ san ná. Kò lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́."